ÌBÉÈRÈ ÀTI ÌDÁHÙN LÓRÍ ÌPÍNLẸ̀ ÒGÙN: OHUN TÓ YẸ KÍ OBÌNRIN ỌJÀ MỌ̀

Ojú ewé ẹ̀kọ́ la tún dé yìí. Ẹni tí kò bá mọ̀wé kà, kó pe ọmọ rẹ̀ tàbí ẹni tí ìsọ̀ wọn jọ wà pa pọ̀ kó kà á sí i létí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi ìwé yìí pọ́n ẹ̀pà o. Ẹ jẹ́ ká kà á tán ná.

Kí ló fà á tí mo fi mú ọ̀rọ̀ ìpínlẹ̀ wa wá lóṣù yìí? Lọ́jọ́ ọjà tó kọjá, ọmọkùnrin kan tó ń gba owó kiri dé ọ̀dọ̀ wa. Ó gba owó lọ́wọ́ ìyá aláta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ìyá ní, "Ọmọ mi, fún mi ní rìsíìtì." Ọmọ yìí rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, ìgbà wo ni obìnrin ọjà ti ń béèrè rìsíìtì nílùú yìí? Ẹ ṣáà sanwó yín jàre." Gbogbo wa dákẹ́. Èmi tí wọ́n ń pè ní akọ̀wé, n kò rí ọ̀rọ̀ kan sọ. Mo délé lálẹ́, oorun kò kùn mí. Mo mọ ìgbà tí obìnrin ọjà béèrè! Ìyá tó bí ìyá mi wà níbẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì dákẹ́.

Ìdí nìyí tí mo fi kọ ìbéèrè mẹ́sàn-án yìí sílẹ̀. Ìwé kẹfà ni mo kà mọ, ṣùgbọ́n mo fetí sí àgbà, mo sì ń ka ohun tí ọwọ́ mi bá tẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ bo ìdáhùn, kí ẹ kọ́kọ́ dán ara yín wò.

ÌBÉÈRÈ KÌÍNÍ: Ọjọ́ wo ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀?

Ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 1976 ni. Ìjọba ológun Ọ̀gágun Murtala Muhammed ló dá a sílẹ̀. Kó tó dìgbà náà, inú Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ni gbogbo wa wà. Wọ́n pín in sí mẹ́ta lọ́jọ́ kan náà: Ògùn, Ọ̀yọ́ àti Oǹdó. Ọ̀ṣun jáde lára Ọ̀yọ́ ní 1991, Èkìtì jáde lára Oǹdó ní 1996. Ẹ wá gbọ́ èyí o: ọjọ́ mẹ́wàá péré lẹ́yìn tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀ ni wọ́n pa Murtala. Ẹni tí wọ́n bí lọ́dún tí a dá ìpínlẹ̀ yìí sílẹ̀ ti di ìyá ọlọ́mọ, òmíràn ti ní ọmọ-ọmọ.

ÌBÉÈRÈ KEJÌ: Ṣé Ògún alágbẹ̀dẹ la fi sọ ìpínlẹ̀ wa lórúkọ?

Rárá o! Ọ̀pọ̀ ló máa ń ṣì í pè. Ògún òrìṣà onírin yàtọ̀. Oògùn tí wọ́n ń lò fún àìsàn yàtọ̀. Tiwa ni Ògùn, orúkọ odò. Odò Ògùn ti apá Ṣakí wá ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ó gba Abẹ́òkúta kọjá, ó wá lọ ń tú sínú ọ̀sà ní Èkó. Yemọja ni àwọn àgbà gbà pé ó ni odò náà. Ẹ ò rí i bí? Orúkọ ìpínlẹ̀ wa gan-an, ọwọ́ ìyá ló wà.

ÌBÉÈRÈ KẸTA: Àwọn wo ló ń gbé inú rẹ̀?

Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú, Rẹ́mọ, Yewa, Àwórì àti Ẹ̀gùn. Àwọn Yewa yìí la ń pè ní Ẹ̀gbádò tẹ́lẹ̀, ọdún 1995 ni wọ́n yí orúkọ padà. Ìjọba ìbílẹ̀ ogún ló wà ní ìpínlẹ̀ wa. A bá Èkó, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun àti Oǹdó pààlà, a sì bá ilẹ̀ Benin pààlà lápá ìwọ̀-oòrùn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè wá ní ìpínlẹ̀ ẹnu-ọ̀nà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọjà ẹnubodè ní Ìdí-Ìrókò, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹni tó bá jókòó sí ẹnu-ọ̀nà, òun ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ ohun tó ń wọlé àti ohun tó ń jáde.

ÌBÉÈRÈ KẸRIN: Ta ni Lísàbí, kí ló pa tiwa àti tirẹ̀ pọ̀?

Lísàbí ni akọni tí ìtàn sọ pé ó gba Ẹ̀gbá sílẹ̀ lábẹ́ Ọ̀yọ́, nígbà tí Ẹ̀gbá ṣì wà nínú igbó wọn àtijọ́. Báwo ló ṣe ṣe é? Àáró ni. Ó kó àwọn àgbẹ̀ jọ, lónìí wọn á ro oko tìrẹ, lọ́la wọn á ro oko tèmi. Àwọn tó ń gba ìsákọ́lẹ̀ kiri rò pé oko lásán ni wọ́n ń ro. Wọn kò mọ̀ pé ẹgbẹ́ ti dúró. Ẹ wo àjọ tí à ń dá, ẹ wo ẹgbẹ́ wa yìí. Ọmọ ìyá àáró ni. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ìka kan kò lè gbé ẹrù dórí.

Lẹ́yìn èyí ni ogun tú wọn ká. Ní 1830, Ṣódẹkẹ́ kó wọn dé abẹ́ àpáta Olúmọ, wọ́n fi ibẹ̀ ṣe ibi ìsádi. Abẹ́ òkúta ni wọ́n sá sí, ó sì di orúkọ ìlú.

ÌBÉÈRÈ KARÙN-ÚN: Ìwé ìròyìn Yorùbá wo ló kọ́kọ́ jáde, ibo ló sì ti jáde?

Abẹ́òkúta níbí ni! Ọdún 1859 ni. Òyìnbó ajíhìnrere kan, Henry Townsend, ló tẹ̀ ẹ́. Orúkọ rẹ̀ ni Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá. Ó ń jáde títí di 1867, ọdún tí wàhálà ṣẹlẹ̀ tí wọ́n lé àwọn òyìnbó ajíhìnrere kúrò nílùú. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí la fẹ́ fi ìwé ẹgbẹ́ tiwa ṣe, ẹ sọ fún un pé nílùú yìí ni títẹ ìwé ìròyìn lédè wa ti bẹ̀rẹ̀. A kò ṣe ohun tí kò sí nílé.

ÌBÉÈRÈ KẸFÀ: Òkìtì ńlá wo ló yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, ta ni wọ́n ní ó ni ín?

Ẹrẹdò Ṣùngbọ́ ni. Kòtò àti òkìtì yẹ̀pẹ̀ tí àwọn baba ńlá wa fi ọwọ́ gbẹ́ ni. Gígùn rẹ̀ lé ní 100 kìlómítà. Ní ibòmíràn, láti ìsàlẹ̀ kòtò dé orí òkìtì tó nǹkan bíi mítà 20, bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́fà. Kò sí katakata nígbà náà o, ọwọ́ àti ọkọ́ ni. Àwọn ará Ìjẹ̀bú ní obìnrin olówó kan tí kò bímọ, Bílíkísù Ṣùngbọ́, ló ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ kí orúkọ òun má baà parẹ́. Títí di òní, èrò ń lọ sí ibojì rẹ̀ ní Òkè-Ẹ̀rì. Àwọn kan ń sọ pé òun ni ayaba Ṣébà inú Bíbélì, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ní kò rí bẹ́ẹ̀, ìgbà tiwọn jìnnà síra. Èyí tó wù mí níbẹ̀ ni pé obìnrin tí kò bímọ, orúkọ rẹ̀ kò parẹ́.

ÌBÉÈRÈ KEJE: Ta ni Ìyálóde Ẹfúnróyè Tinúubú?

Ọmọ Ẹ̀gbá ni, oníṣòwò pàtàkì ni. Ó ta tábà, ó ta iyọ̀, ó ta epo. Èkó ló ti kọ́kọ́ di ọlọ́lá, àmọ́ ní 1856 wọ́n lé e kúrò ní Èkó, ó padà wá sí Abẹ́òkúta. Nígbà tí àwọn ará Dàhòmì ń bọ̀ wá jagun, ó pèsè ìbọn àti ẹ̀tù fún àwọn ọmọ ogun wa. Ẹ rántí pé àwọn Dàhòmì ní ọmọ ogun obìnrin, akíkanjú ni wọ́n. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dé ẹnu odi Abẹ́òkúta, ní 1851 àti 1864, ẹ̀ẹ̀mejèèjì la lé wọn padà. Ọdún 1864 ni wọ́n fi Tinúubú jẹ Ìyálóde Ẹ̀gbá. Ó kú ní 1887. Gbàgede kan ní Èkó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí dòní.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́, torí ẹ̀kọ́ la ń kọ́. Ó ta ẹrú pẹ̀lú. Owó tí a fi ọmọ ẹni ẹlẹ́ni pa kì í ṣe ohun à ń fi yangàn. Ká mú ohun rere nínú ìtàn, ká sì mọ èyí tí kò dára, kó má baà tún ṣẹlẹ̀.

ÌBÉÈRÈ KẸJỌ: Kí ló sọ Ìtòkú di ìlú mọ̀-ọ́n-ká?

Àdìrẹ ni! Ẹ̀yin aláàdìrẹ, ẹ kú iṣẹ́. Oníko wà, èyí tí wọ́n ń fi iko di kó tó wọ aró. Ẹlẹ́kọ wà, èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀kọ láfún ya ọnà sí, ibi tí ẹ̀kọ bá wà aró kò ní mú un. Láyé àtijọ́, ewé ẹ̀lú ni wọ́n fi ń ṣe aró. Nígbà tó yá, aró òyìnbó àti kọ́sítíìkì dé, iṣẹ́ yá kánkán. Ìjọba ìlú ṣe òfin pé kí àwọn aláró má lò wọ́n mọ́. Àwọn aláró kò gbà, wọ́n fi ohùn sí i, títí tí ọ̀rọ̀ fi di ohun tí ìjọba jókòó gbọ́ ẹjọ́ lé lórí ní 1936. Nítorí náà, kí 1947 tó dé ni obìnrin Abẹ́òkúta ti mọ bí a ṣe ń sọ tẹnu ẹni. Lónìí ìyọnu mìíràn ló wà, ayédèrú tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tẹ̀ lókè òkun tí wọ́n ń kó wá tà lówó pọ́ọ́kú. Ẹni tó bá mọ ìtàn aṣọ rẹ̀ ló lè sọ fún oníbàárà ìdí tí tirẹ̀ fi wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ.

ÌBÉÈRÈ KẸSÀN-ÁN: Kí ló ṣẹlẹ̀ láàfin Aké ní 1947?

Èyí ni mo ti ń bọ̀ láti òwúrọ̀. Ẹ sún mọ́ mi.

Láti 1918 ni obìnrin ilẹ̀ Ẹ̀gbá ti ń san owó orí. Owó orí tirẹ̀ lọ́tọ̀ o, ti ọkọ rẹ̀ lọ́tọ̀. Ọmọbìnrin ọdún 15 ni wọ́n ti ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ọkùnrin ọjọ́ orí yẹn kò tíì bẹ̀rẹ̀. Obìnrin ń san, ṣùgbọ́n kò sí obìnrin kan nínú ìgbìmọ̀ tó ń ná owó náà. Nígbà ogun Hitler, àwọn òṣìṣẹ́ tún ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn obìnrin ọjà. Wọ́n á fún wọn lówó táṣẹ́rẹ́, nígbà mìíràn wọn kò ní fún wọn ní kọ́bọ̀.

Olùkọ́ kan wà nígbà náà, Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, tí wọ́n bí ní Abẹ́òkúta ní 1900. Òun ni ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tó wọ ilé ẹ̀kọ́ girama Abẹ́òkúta. Òun àti àwọn obìnrin ọ̀mọ̀wé ní ẹgbẹ́ kan, wọ́n ń kọ́ ọmọbìnrin ní aṣọ rírán àti oúnjẹ sísè. Lọ́jọ́ kan, wọ́n mú obìnrin ọjà kan wá bá a tó fẹ́ mọ̀wé kà. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti là. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn obìnrin ọjà ní ìwé, àwọn obìnrin ọjà náà sì sọ ohun tó ń ṣe wọ́n ní ọjà fún un. Ó gbé ọ̀rọ̀ ìrẹsì lọ sọ́dọ̀ ìjọba, ìwé ìròyìn gbé e, gbígba ìrẹsì sì dúró ní 1945. Ní 1946, ẹgbẹ́ yí padà, ó di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta. Olówó àti tálákà, ẹni tó kàwé àti ẹni tí kò kàwé, ẹgbẹ́ kan náà. Ìyáàfin yìí sì fi bùbá àti ìró rọ́pò aṣọ òyìnbó, kí ara wọn lè dọ́gba.

Wọ́n kọ ìwé, wọ́n rán ènìyàn, owó orí kò kúrò. Nígbà tí ìjọba kò fún wọn láyè láti wọ́de, wọ́n ní ayẹyẹ làwọn ń ṣe. Ìyáàfin yìí kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe ṣe ojú wọn bí ọlọ́pàá bá yin tajútajú. Lópin oṣù kọkànlá ọdún 1947, àwọn obìnrin tó tó 10,000 dé iwájú ààfin, wọ́n sùn síbẹ̀ mọ́jú. Lọ́jọ́ kẹjọ oṣù kejìlá, wọ́n tún padà lọ. Wọ́n ní: ẹ mú owó orí obìnrin kúrò, ẹ gba owó orí lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó, ẹ jẹ́ kí obìnrin wà nínú ìgbìmọ̀.

Ìyá àgbà mi wà níbẹ̀. Ìyá mi ló pọ̀n, ọmọ ọwọ́ ni. Ó ní òtútù alẹ́ ọjọ́ náà kò ṣeé fẹnu sọ, pé ẹni tó ní ìborùn méjì bọ́ ọ̀kan fún ẹni tí kò ní. Ó ní kò sí ẹni tó béèrè ọjà tí ẹnì kejì ń tà.

Ní 1948, wọ́n dá owó orí obìnrin dúró. Ọba Adémọ́lá Kejì kúrò nílùú lọ sí Òṣogbo lọ́dún náà, ó fi oyè sílẹ̀ ní oṣù kìíní 1949, kó tó di pé wọ́n mú un padà wálé ní oṣù kejìlá 1950. Ọba wa ni, kádé pẹ́ lórí, a kò fi ìyẹn yọ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé nígbà tí wọ́n ṣe ìgbìmọ̀ tuntun, obìnrin mẹ́rin wà nínú rẹ̀. Ìyáàfin Ransome-Kuti wà lára wọn. Wole Soyinka tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1986 jẹ́ ọmọdé nígbà náà, ó kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé tó pè ní Aké. Ìyá tirẹ̀, tó ní ṣọ́ọ̀bù, wà pẹ̀lú wọn.

KÍ LA RÍ KỌ́?

Nígbà tí ìyá àgbà mi kú, a rí agolo kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ìwé owó orí rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, ó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Mo bi ìyá mi pé kí ló fi ìwé owó tó bínú sí ṣe. Ìyá mi ní, "Ó ní bí ẹni tí wọ́n gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ kò bá ní ìwé, kí ni yóò fi hàn pé wọ́n gbà á?" Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n sọ fún ọmọkùnrin yẹn nìyẹn. N kò sọ ọ́.

N kò bínú sí ọmọ náà mọ́. Ọmọ wa ni. Ó ní obìnrin ọjà kì í béèrè, torí kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó sọ fún un pé a ti béèrè rí. Ìtàn tí ìyá kò sọ, ẹni ẹlẹ́ni ni yóò sọ ọ́, bó bá sì ṣe wù ú ni yóò ṣe sọ ọ́. Àwa la jẹ̀bi.

Nítorí náà, mo fi nǹkan mẹ́ta síwájú ẹgbẹ́, ká jíròrò wọn nípàdé:

1. Owó tí òfin bá ní ká san, ká san án. Àmọ́ kí olúkúlùkù fi sùúrù àti ọ̀wọ̀ béèrè ìwé rẹ̀. Kì í ṣe ìjà.

2. Bí wọn kò bá fún yín, ẹ kọ ọjọ́, iye owó àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, tàbí kí ẹ wá sọ ọ́ fún mi, kí n kọ ọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́.

3. Ká má dá lọ fẹjọ́ sùn. Ìyálọ́jà ni yóò ṣíwájú, gbogbo ẹ̀ka ọjà ni yóò tẹ̀ lé e: aláta, aláṣọ, oníṣu, ẹlẹ́ja.

Èmi ni yóò kọ́kọ́ béèrè nígbà tí wọ́n bá tún dé. Mo ti ṣèlérí fún ìyá aláta.

IṢẸ́ ÀMÚRELÉ: Ẹni tó bá lè dáhùn márùn-ún nínú ìbéèrè mẹ́sàn-án yìí láìwo ìwé nípàdé tó ń bọ̀, ọṣẹ ìfọṣọ kan wà lọ́wọ́ mi fún un. Ẹni tó bá mú ọmọ rẹ̀ wá tí ọmọ náà sì dáhùn, méjì ni. Ẹni tí ìyá tàbí ìyá àgbà rẹ̀ bá wà níwájú ààfin lọ́dún 1947, kó wá sọ ohun tó gbọ́, kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó sọnù.

Ọjà á tà, a ò ní tà sí gbèsè o. Ó dìgbà kan ná.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́